Owó tí Ìjọba Amẹ́ríkà Ń San fún Ọmọ tí Ìdàgbà Rẹ̀ Falẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ-ọmọ ní Amẹ́ríkà. Bí ọmọ kékeré kan níbẹ̀ bá pé ọdún méjì tí kò sọ̀rọ̀, ilé ni wọ́n máa ń tẹ̀ láago sí. Ìdáhùn tí àwa àgbà sì sábà máa ń fún wọn ni pé, "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀," tàbí "Ẹ gbé e wá bá wa nílé." Ìdáhùn méjèèjì lè gba ẹ̀tọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí òfin ibẹ̀ wí.

SSI ni wọ́n ń pe owó náà. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀, ọdún 1974 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí san án. Àwọn aláìní tó jẹ́ arúgbó, afọ́jú tàbí aláìlera ni wọ́n ṣe é fún, ọmọdé sì wà nínú wọn, títí kan ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 2025, dọ́là 967 ni iye tó pọ̀ jù tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún ẹnì kan lóṣù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá ń gbà á yóò rí Medicaid gbà pẹ̀lú, èyí tí ń sanwó dókítà àti oògùn. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an lè níye lórí ju owó ọwọ́ lọ.

Kì í ṣe orúkọ àìsàn nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹjọ́ ọmọ kan tí ń jẹ́ Brian Zebley dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1990 ni wọ́n sì dájọ́ pé kí ìjọba máa wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Òfin ọdún 1996 tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: àìlera náà gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a retí pé yóò tó oṣù 12, tàbí èyí tó lè gba ẹ̀mí ọmọ. Wọn yóò wo bí ọmọ ṣe ń kọ́ nǹkan, bí ó ṣe ń fiyè sí nǹkan, bí ó ṣe ń bá ènìyàn lò, bí ó ṣe ń rìn tó sì ń fọwọ́ mú nǹkan, bí ó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, àti ìlera ara rẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó gidi nínú méjì, tàbí tí ó burú jáì nínú ẹyọ kan, ó kúnjú ìwọ̀n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò wò ó. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, bí kò bá sí máàkì ìdánwò, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ká ní ọmọ kan jẹ́ oṣù 24. Bí ìṣe rẹ̀ bá dà bí ti ọmọ oṣù 16 tàbí 14, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọjọ́ orí rẹ̀ ni kò kọjá. Àléébù náà pọ̀ nìyẹn. Bí ó bá dà bí ti ọmọ oṣù 12 tàbí kí ó kéré sí i, ó ti burú jáì.

Wọn yóò wo àpò òbí náà. Owó tó ń wọlé fún òbí wà nínú ìṣirò. Ohun ìní òbí kan tó bá ju dọ́là 2,000 lọ, tàbí ti òbí méjì tó bá ju 3,000 lọ, wọn yóò ka èyí tó lé mọ́ ti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 2,000. Wọn kì í ka ilé tí wọ́n ń gbé àti ọkọ̀ kan mọ́ ọn. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í pàdánù ẹ̀tọ́ yìí nítorí pé òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà.

Oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí òbí kọ̀wé béèrè ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í san ti ẹ̀yìn. Nítorí náà ni "ẹ jẹ́ kí á máa wò ó ná" fi ń náni lówó. Ohun kejì ni ìtìjú. A kì í fẹ́ tú àṣírí ọmọ wa síta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ sínú fọ́ọ̀mù pé "ó ń gbìyànjú" ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Kí ó kọ iye ìgbà tí ọmọ ń jí lóru, ẹni tó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, àti ọ̀rọ̀ mélòó tí ó lè sọ. Kò gbọdọ̀ bù mọ́ ọn, kò sì gbọdọ̀ bù kúrò. Bí wọ́n bá kọ̀ fún un, ọjọ́ 60 ni ó ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù fún SSI kò gbọdọ̀ jókòó. Láti inú òfin ọdún 1986 ni ètò mìíràn ti wá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta: ọ̀fẹ́ ni wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, láì wo owó tí òbí ń gbà. Òbí fúnra rẹ̀ lè pè wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni yóò gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ "ẹ gbé e wá" kàn yín o. Bí ọmọ bá lo ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, owó náà dúró nìyẹn. Yóò tún ní láti lo ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn léraléra lọ́hùn-ún kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ àti ìrìn kò sì lè tẹ̀ lé e wá.

Àmáànà ni owó yìí lọ́wọ́ òbí. Oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé àti ìtọ́jú ọmọ ni kí ó kọ́kọ́ lọ sí. Bí owó tó ti pẹ́ nílẹ̀ bá ju ti oṣù mẹ́fà lọ, inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báńkì ni yóò wà, fún ìwòsàn, ẹ̀kọ́ àti ohun tó jẹ mọ́ àìlera ọmọ náà. Kò sí ti ilé kíkọ́ ní Ìbàdàn nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 18, wọn yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò pẹ̀lú òfin ti àgbàlagbà, wọn kò sì ní ka owó òbí mọ́ ọn lọ́rùn mọ́.