Ọ̀dàlẹ̀ Wà Láàrin Ogún Ọmọ Iléèwé!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Sango àti ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀tà, bí ẹ bá bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín nídìí fóònù tí wọ́n ń jiyàn kíkankíkan, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yìí ni.

Ìtàn alàwòrán láti Jàpáànì ni, My Hero Academia. Kohei Horikoshi ló kọ ọ́, láti 2014 títí di 2024. Ogún ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ akọni wà ní kíláàsì kan, oníkálukú pẹ̀lú agbára tiẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n bá forí lé, ọ̀tá ti mọ̀! Wọ́n kó lọ sínú igbó ní bòńkẹ́lẹ́, ọ̀tá bá wọn débẹ̀, ó jí ọmọ kan gbé.

Ta ló ń tú àṣírí? Hagakure lọ̀pọ̀ òǹkàwé ń nàka sí, ọmọbìnrin tí ojú kì í rí. Ẹjọ́ tó rọrùn dá nìyẹn o!

Lọ́dún 2021 ni aṣọ fàya: Aoyama ni, ọmọ aláfẹ́ tó ń ṣe yànga kiri!

Èyí tó dùn mí jù rèé. Wọn ò bí agbára mọ́ ọn. Bàbá àti ìyá ẹ̀ ò fẹ́ kó kéré lẹ́gbẹ́, ni wọ́n bá tọ olórí àwọn ọ̀tá lọ. Ó fún ọmọ lágbára lóòótọ́, ó sì fi okùn sí wọn lọ́rùn: ẹ jẹ́ iṣẹ́ mi, àbí kí n pa yín.

Ẹ̀yin ìyá, èmi ò lè búra pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọ mi.

Hagakure tí wọ́n ti ń fura sí bú sẹ́kún nígbà tó gbọ́. Midoriya, tí wọ́n ní kí Aoyama tàn fún ọ̀tá, òun ló nawọ́ sí i pé kó máa bọ̀.