Stephen Keshi: Ẹni Tó Ṣe Tógò Lóore

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ Stephen Keshi, ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀yìn ló ń ṣọ́ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ní Abidjan, lẹ́yìn náà ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 1994, òun ni balógun ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba Ife Áfríkà.

Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, Tógò gbà á síṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2005 wọ́n na Kóńgò ní 3 sí 2 ní Brazzaville, wọ́n ṣíwájú Sẹ̀nẹ̀gàl, Tógò sì wọ Ife Àgbáyé nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pàdánù nínú Ife Áfríkà 2006, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Keshi. Ẹlòmíràn ló kó wọn lọ sí Jámánì. Ẹni tó ro oko kọ́ ló kórè.

Keshi kò torí èyí pa iṣẹ́ tì. Ó ṣiṣẹ́ ní Málì, ó padà sílé, ó sì gba Ife Áfríkà fún Nàìjíríà ní 2013. Lẹ́yìn El-Gohary ará Íjíbítì, òun lẹni kejì tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kú ní 2016, lẹ́ni ọdún 54.

Ẹ jẹ́ kí á sọ fún àwọn ọmọ wa: bí ọpẹ́ tilẹ̀ pẹ́, iṣẹ́ òótọ́ kì í ṣòfò.