Ìhanrun àti Ìpayínkeke Lójú Oorun

Kò sí ẹni tí ó gbé ilé-ibùsùn rí láàárín wa tí kò mọ ìró ìhanrun. Ẹnìkan wà ní kíláàsì wa tí a máa ń fi tirẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Yóò hanrun títí, ìró náà yóò dákẹ́ lójijì, lẹ́yìn náà yóò ta gìrì bí ẹni tí a fà yọ nínú omi, yóò sì máa payínkeke. Àwọn kan ní aràn ni, àwọn mìíràn ní ayé ni. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù.

Bí ènìyàn bá sùn, iṣan ara rẹ̀ a dẹ̀, títí kan èyí tí ń mú ahọ́n dúró síwájú. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ti há tẹ́lẹ̀, yálà nítorí ọ̀rá ọrùn tàbí àgbọ̀n kékeré, ahọ́n a ṣubú sẹ́yìn, a sì dí ọ̀nà èémí. Àyà ń gòkè, ó ń sọ̀, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, àwọn oníṣègùn a kà á sí ìdádúró èémí kan. Ti ẹlòmíràn a máa ju 30 lọ ní wákàtí kan. Ọpọlọ ni í ta á jí díẹ̀, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, kí èémí tó padà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àgbọ̀n ti wọlé. Níbi tí a ti ń yẹ oorun wò, wọn a lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí iṣan tí ó máa ń le bí ẹ bá di eyín yín pọ̀. Lẹ́yìn ìdádúró èémí, iṣan náà a sábà ṣiṣẹ́ bí ti ẹni tí ń rún àgbàdo. Àwọn kan rò pé àgbọ̀n ń jà láti ṣí ọ̀fun ni. Ó dà bí ẹni pé títají náà ni ó ń fà á, nítorí iṣan ẹsẹ̀ pàápàá a máa ta pẹ̀lú rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ń payínkeke ni ó ní àìsàn yìí.

Ẹni tí a ta jí nígbà ọgọ́rùn-ún lóru kan kò sùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ru, oorun a sì máa kùn ún lọ́sàn-án. Mo máa ń rántí èyí nínú ọkọ̀ láti Ṣakí sí Ìṣẹ́yìn, bí mo bá rí i tí orí awakọ̀ ń fì.

Ní 1981, Colin Sullivan ní Australia ròyìn ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ihò imú kí ọ̀fun má baà dí. Iná mànàmáná ni ó ń lò, ẹ sì mọ bí tiwa ti rí. Oníṣègùn eyín lè ṣe ohun tí yóò fa àgbọ̀n síwájú lóru. Fífẹ̀gbẹ́lélẹ̀ sùn àti dídín ọ̀rá kù a sì máa ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Ẹlẹgbẹ́ wa yẹn ti di baba ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ ni ó jí lóru, tí ó ka bí ìdákẹ́ náà ti ń pẹ́ tó, tí ó sì tẹ̀ lé e lọ bá dókítà. Láti orí kíkà yẹn ni dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.