Ọ̀ranyàn, Èèwọ̀ àti Àìpọndandan: Ìtumọ̀ Àwọn Aṣèrànwọ́-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Kan

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kéékèèké ni "must", "shall", "need" àti "may" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń fi ohun tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn hàn, àti èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀, àti èyí tí a fi sílẹ̀ fún ìfẹ́-inú oníkálukú. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ìmọ̀ràn oníṣègùn lè ṣini lọ́nà, àyè tí òfin fi sílẹ̀ sì lè dàbí ìlẹ̀kùn tí a tì. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, bí ògbufọ̀ bá ti mọ ohun tí ìyísódì ń yí.

2. Ìtumọ̀ mẹ́ta

Ìrìn-àjò láti Ọ̀bà-Ilé lè ṣe àpẹẹrẹ. Àkúrẹ́ wà láàrin Ọ̀bà-Ilé àti ìlú Oǹdó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ti Ọ̀bà-Ilé lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹ̀yìn ni ó kọ sí Àkúrẹ́.

(1) O gbọ́dọ̀ gba Àkúrẹ́ kọjá.
(2) O kò gbọdọ̀ gba Àkúrẹ́ kọjá.
(3) Kò pọn dandan kí o gba Àkúrẹ́ kọjá.

(1) ni ó yẹ ẹni tí ń lọ sí Oǹdó. "Must" tàbí "have to" ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò. (3) ni ó yẹ ẹni tí ń lọ sí Ọ̀wọ̀. "Need not" tàbí "do not have to" ni. Bí ó bá wù ú kí ó kọ́kọ́ yà ra ọjà ní Àkúrẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n "must not" ni (2): ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ ti rú òfin.

3. Ohun tí ìyísódì ń yí

Ẹni tí ó bá wo ìrísí nìkan lè rò pé "kò" ti mú ọ̀ranyàn inú (1) kúrò nínú (2). Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú "must not", ìṣe ni "not" ń yí sódì, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Yorùbá fi "kò" ṣáájú, síbẹ̀ ìtumọ̀ kan náà ni ó jáde: àìṣe ni ó di ọ̀ranyàn. Bákan náà ni "yẹ", tí ó bá "should" mu: "Kò yẹ kí o lọ" ń dá ni lẹ́kun ni.

"Dandan" àti "ọ̀ranyàn" kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú "kò pọn dandan" àti "kì í ṣe ọ̀ranyàn", ọ̀ranyàn gan-an ni a yí sódì. Àwọn mìíràn a máa kọ "kò ní láti", ṣùgbọ́n ó sún mọ́ "kò ní" ti ọjọ́ iwájú, bí i "kò ní lọ", ó sì lè da òǹkàwé láàmú.

4. Àpẹẹrẹ láti inú ìmọ̀ ìlera

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ọmú nìkan ni kí a fún ọmọ fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé "Kò pọn dandan kí ọmọ mu omi", ìyá lè fún un ní omi, kí ó má sì rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé "Ọmọ kò gbọdọ̀ mu ohunkóhun yàtọ̀ sí ọmú", ìyá lè kọ oògùn tàbí omi oníyọ̀ àti ṣúgà nígbà tí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn náà yọ̀ǹda wọn. Gbólóhùn méjì ni ó yẹ: "A kò gbọdọ̀ fún un ní omi lásán. Oògùn tí oníṣègùn bá pàṣẹ kì í ṣe èèwọ̀."

5. Àpẹẹrẹ láti inú òfin

Abala 97 nínú Òfin-Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 lo "shall" fún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, ó sì lo "may" fún èdè mìíràn tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà, bí Ilé bá fi ọwọ́ sí i. Ní Àkúrẹ́, nígbà náà, Ilé gbọ́dọ̀ lo Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì lè fi Yorùbá kún un. Kì í ṣe ọ̀ranyàn, kì í sì í ṣe èèwọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òfin kò gba Yorùbá láàyè níbẹ̀ ti sọ àìpọndandan di èèwọ̀.

6. Àbá

Àwọn èdè-ìperí mẹ́rin tí a lè lò ni: ọ̀ranyàn ("gbọ́dọ̀"), èèwọ̀ ("kò gbọdọ̀"), àìpọndandan ("kò pọn dandan") àti ìyọ̀ǹda ("lè"). Ìdánwò kan wà fún ògbufọ̀ tí ó bá ń ṣiyè méjì: kí ó fi "ṣùgbọ́n bí ó bá wù ọ́, o lè ṣe é" kún gbólóhùn rẹ̀. Bí ó bá wọlé, àìpọndandan ni. Bí ó bá tako ohun tí ó ṣáájú, èèwọ̀ ni.