Ìdúró ní Ilé Ìtọ́jú Aboyún

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá ètò Abíyè sílẹ̀ ní ọdún 2009, ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n dojú kọ, èyí tí ó ń ṣekú pa aboyún: kí ó pẹ́ nílé, kí ó pẹ́ lọ́nà, kí ó pẹ́ kí a tó dá a lóhùn nílé ìwòsàn, kí ó sì pẹ́ kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́ ní ọdún 2010, ti ìlú Oǹdó sì tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú nígbà náà. Èrò wọ́ tìrítìrí, ìdádúró kẹta sì di ohun tí ó gba ọgbọ́n.

David Maister kọ ọ́ ní ọdún 1985 pé ìdúró láìríṣẹ́ṣe a máa gùn lójú ẹni, pàápàá bí a kò bá mọ ìgbà tí yóò parí. Àwọn nọ́ọ̀sì wa kò dúró de ìwé rẹ̀: orin, àtẹ́wọ́ àti ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń gé àkókò kúrú fún aboyún.

Nọ́ńbà tún ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá gbà á bí ó ti dé lè fara balẹ̀ jókòó ní ibòji. Ìjà “èmi ni mo kọ́kọ́ dé” parí nìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo fún gbogbo dókítà sì sàn ju ìlà mẹ́ta lọ, nítorí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn kò ní dí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ìlà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí gìrì gbé, tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ẹ má ṣe tijú, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì wà níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ yà fún un.