Afẹ́fẹ́ Tí A Kò Pè: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Ẹ́ńjìnnì Ti Ń Jò

Bí a bá ní nǹkan ń jò, ilẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ. Bí òrùlé bá ń jò, omi yóò kán sílẹ̀. Bí ìkòkò bá ń jò, iná ààrò yóò kú. Bí táǹkì ọkọ̀ bá ń jò, òórùn epo yóò sọ fún ni. Ṣùgbọ́n jíjò kan wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kì í kán sílẹ̀ rárá, nítorí pé kì í ṣe inú ni ó ti ń jò sóde. Òde ni ó ti ń jò sínú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò fi ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, tí wọ́n ń pààrọ̀ kábúrétọ̀, tí owó ń lọ, tí àìsàn ọkọ̀ kò sì lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí. A lè mú Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ tí àwọn ará Faransé gbé jáde ní 1968, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Kábúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Bí písítìn bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú sílíńdà, yóò máa fa afẹ́fẹ́ gba inú kábúrétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń pàdé epo. Kí epo kílò kan tó lè jó tán, afẹ́fẹ́ tí yóò bá a pọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 15. Nínú ọ̀fun kábúrétọ̀ yìí, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà tí ń ṣí nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná.

Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, ìlẹ̀kùn náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ padé tán. Písítìn ń fà, ọ̀nà sì há. Nítorí náà, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni yóò kù ní ọ̀nà tí ó wà láàrin kábúrétọ̀ àti sílíńdà, afẹ́fẹ́ òde yóò sì máa fi agbára wá ibi tí yóò gbà wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀ tí ó ti gbó, ògiri ti lanu: ooru ti mú kí họ́ọ̀sì gan, kí ó sì sán, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kábúrétọ̀ ti rún, irin tí ìlẹ̀kùn kékeré náà ń yí lé lórí ti jẹ. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba irú ibẹ̀ wọlé kò bá epo pàdé ní ẹnu ọ̀nà, ìwọ̀n àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ yóò sì dàrú.

Àmì àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ kò ní lè dúró jẹ́ẹ́. Yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì yóò kú. Bí awakọ̀ bá tẹ iná, ara rẹ̀ yóò tún balẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí a bá da ife omi kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ kékeré, ọbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá da ife kan náà sínú ìkòkò ńlá tí a fi ń se ọbẹ̀ ìnáwó, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bákan náà ni ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ń jò kò ṣe jẹ́ nǹkan kan nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí gbayawu. Àmì kejì ni ìró bíi súfèé. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ́ńjìnnì a máa húkọ́ láti ẹnu kábúrétọ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a yí ìdè tí ń mú kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i, kí ọkọ̀ má baà kú mọ́. Èyí dà bí ẹni tí ó fi aṣọ bo egbò. Bí epo bá kéré jù sí afẹ́fẹ́, iná inú sílíńdà lè gbóná kọjá bí ó ti yẹ, kí ó sì jó fáàfù.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni láti wádìí ní ẹsẹẹsẹ. Kí a tó tan ẹ́ńjìnnì, kí a fi ojú àti ìka wo gbogbo họ́ọ̀sì láti ìdí dé orí. Lẹ́yìn èyí, kí a tan án ní ìta gbangba, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani nínú ilé tí a tì. Kí jíà má ṣe wọlé, kí a fa bíréékì ọwọ́, kí aṣọ má sì fẹ́ dé ibi fáànù. Kí a fi ẹnu họ́ọ̀sì kan sí etí, kí a máa fi ẹnu kejì rìn káàkiri, bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn. Kí a fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pa lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ìró ẹ́ńjìnnì bá dọ́gba nígbà tí a fún ọ̀kan pa, apá ibẹ̀ ni ó ń jò. Níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà, kí a fín omi díẹ̀ sí i. Bí ìró bá yí padà, ọwọ́ ti tẹ olè. Epo bẹntiróòlù tí àwọn kan ń wọ́n síbẹ̀ léwu púpọ̀, nítorí ó lè gbiná lójijì.

Aago tí ń wọn agbára ìfà ẹ́ńjìnnì tún wà. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le, tí ó dúró sí ojú kan, ọwọ́ aago náà máa ń dúró ṣinṣin láàrin ínǹṣì 17 sí 21. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ lè máa jò wọlé. Ṣùgbọ́n bí púlọ́ọ̀gì bá ń pẹ́ kí ó tó ṣáná, aago náà yóò lọ sílẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí ni aago, kì í ṣe adájọ́.

Họ́ọ̀sì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: èyí tí ó lọ sí agolo onírin ńlá tí ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréékì. Bí ó bá sán, bíréékì yóò le bí òkúta ní ọjọ́ tí ọmọdé bá já lu ọ̀nà. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a tẹ bíréékì léraléra títí yóò fi le. Kí ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí a wá tan ẹ́ńjìnnì. Bí bíréékì bá wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó dára. Bí kò bá mì, kí ọkọ̀ náà má ṣe kúrò níbẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe.

Bí a bá ti dí ibi tí ó ń jò, kí a dá ìdè kábúrétọ̀ tí a ti yí padà sí ipò rẹ̀. Họ́ọ̀sì tí ó sán kò wọ́n tó kábúrétọ̀ tuntun. Àìwádìí ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ àrùn kí ó tó ja ewé kò ní fi oògùn ẹ̀fọ́rí wo inú rírun.