Àgbàṣe tàbí Àgbàsìn? Èdè-Ìperí fún Gbígba Oníṣẹ́ Orí Ayélujára láti Kọ́ Ìkànnì

1. Ìfáàrà

Èdè-ìperí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán fún èdè. Níbi tí owó bá ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tí kò ní ààlà lè mú kí ẹni tí ó sanwó pàdánù ohun tí ó rò pé òun ti rà. Ọ̀rọ̀ ìkànnì ayélujára jẹ́ ẹ̀rí èyí.

Kí oníṣòwò kékeré kan ní ọjà Ọdúnadé, ní Orílé lẹ́bàá Ìgànmú, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé, jẹ́ àpẹẹrẹ. Táìlì ni ó ń tà. Ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí ọjà òun kí wọ́n tó kúrò nílé. Láti ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Marina sí Mile 2, tí ó sì ń dúró ní Orílé Ìgànmú, oníbàárà ọ̀nà jíjìn lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó láti pe ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó wá ẹnì kan tí kò rí rí lórí ayélujára, ó sì wí fún un pé, “Bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì.” Gbólóhùn náà kúrú, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Kò sí bí irú iṣẹ́ yìí ṣe lè wà nínú wọn, nítorí pé ọdún 1991 ni Tim Berners-Lee ṣí ìtàkùn àgbáyé sílẹ̀ fún aráyé. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn olùkọ́ àti àwọn ògbufọ̀ ni kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún un láti inú èdè fúnra rẹ̀.

2. Orúkọ oníṣẹ́ náà

Ojú ogun ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú oníṣẹ́ yìí, fìríláńsà, ti wá. Jagunjagun ọlọ́kọ̀ tí kò sí lábẹ́ ọba kankan, tí olówó sì lè háyà, ni ó ń tọ́ka sí. Ìtumọ̀ yìí ni Walter Scott fi lò ó nínú ìwé Ivanhoe ní 1819. Ẹni tí ó bá tú u sí “òṣìṣẹ́ òmìnira” ti ṣìnà, nítorí pé òmìnira ń rán Yorùbá létí ẹrú tí ó ra ara rẹ̀ padà tàbí ìlú tí ó bọ́ lọ́wọ́ amúnisìn. “Kọngílá” kò bá a mu pẹ̀lú, nítorí pé kọngílá máa ń kó lébìrà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti wà lóko tipẹ́: àgbàṣe. Alágbàṣe a gbé ọkọ́ tirẹ̀ dé oko olóko. Wọn a dá iye ebè tí yóò kọ, wọn a ná an, wọn a sanwó, kálukú a sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìwọ̀fà, kì í sì í ṣe ọmọ ilé. Ìhun ọ̀rọ̀ náà, à + gbà + ṣe, ti bí ọ̀pọ̀ mìíràn: àgbàro, àgbàfọ̀, àgbàtọ́, àgbàsìn. Láti ara ìhun yìí, ènìyàn lè ṣẹ̀dá àgbàkọ́ ìkànnì fún iṣẹ́ náà, àti alágbàkọ́ ìkànnì fún ẹni tí ó ń ṣe é. Kò dára kí wọ́n yọ “ìkànnì” kúrò lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kọ́ ilé àti kọ́ ẹ̀kọ́ jọra ní ìró.

3. Ohun mẹ́rin tí ó wà nínú ìkànnì

(i) Orúkọ ìkànnì. Èyí ni orúkọ tí oníbàárà yóò tẹ̀ kí ó tó rí ọjà. Fún àwọn orúkọ tí ó parí sí .ng, ẹgbẹ́ NiRA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005 ni ó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, àwọn alágbàtà tí ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí ni ó sì ń tà wọ́n. Ẹnì kan kì í ra orúkọ ìkànnì títí ayé. Ó ń sanwó rẹ̀ fún iye ọdún kan ni, bí kò bá sì tún un san, ẹlòmíràn lè gbà á.

(ii) Ààyè àyágbé. Inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí a kì í pa ni ìkànnì ń gbé, bí ayálégbé ṣe ń gbé ilé onílé. Owó oṣù tàbí owó ọdún ni wọ́n ń san fún un.

(iii) Àtòjọ àṣẹ. Èyí ni àwọn àṣẹ tí ó ń mú kí ìkànnì ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ní tuntun. WordPress, tí ó jáde ní 2003, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe.

(iv) Àkóónú. Èyí ni ọ̀rọ̀, àwòrán àti iye owó ọjà. Oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni ó ní ìmọ̀ rẹ̀.

4. Bí wọ́n ṣe ń pín owó kékeré

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ rà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san owó àgbàkọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni owó orúkọ àti ti ààyè máa ń padà wá. Bí oníṣòwò bá ní 200,000 náírà tí ó sì fi gbogbo rẹ̀ san owó àgbàkọ́, ìkànnì rẹ̀ lè kú kí ó tó pé ọdún kejì. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí ó ya owó ọdún méjì fún orúkọ àti ààyè sọ́tọ̀, kí ó kọ àkóónú fúnra rẹ̀, kí ó sì fi ìyókù gba alágbàkọ́.

Bí wọ́n ṣe ń fi ebè ka iṣẹ́ oko ni ó yẹ kí wọ́n pín iṣẹ́ yìí sí ìpín-ìpín, kí owó máa tẹ̀lé ìpín tí ó bá parí. Ní orí Upwork, tí ó gba orúkọ yẹn ní 2015 lẹ́yìn tí Elance àti oDesk ti para pọ̀, bí wọ́n bá ti dá iye owó iṣẹ́, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fúnni yóò kọ́kọ́ fi owó ìpín kan sọ́wọ́ alárinà. Bí oníṣẹ́ bá jíṣẹ́, oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sọ ohunkóhun, owó náà di ti oníṣẹ́. Owó àfisọ́wọ́-alárinà ni ó yẹ kí wọ́n pe èyí. Kì í ṣe owó àsansílẹ̀, nítorí pé àsansílẹ̀ ti dé ọwọ́ oníṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

5. Ta ni ó ni ín?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àgbàṣe ti lè tan ènìyàn jẹ. Bí alágbàṣe bá kọ ebè tán, olóko ni ó ni ebè. Bí alágbàfọ̀ bá fọ aṣọ tán, aláṣọ ni ó ni aṣọ. Ṣùgbọ́n nínú àgbàsìn, ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn sin ewúrẹ́ ní ìpín nínú ọmọ tí ó bá bí.

Lójú òfin, àgbàkọ́ ìkànnì sún mọ́ àgbàsìn ju àgbàṣe lọ. Òfin Kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àfi bí wọ́n bá kọ òdìkejì rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Bákan náà ni òfin ti 1988 wí. Àdéhùn tí Upwork pèsè sílẹ̀ gbé ẹ̀tọ́ náà fún oníbàárà lẹ́yìn tí ó bá sanwó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba oníṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ní Yábàá, tí wọ́n fi ẹnu lásán dá àdéhùn, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ti orúkọ ìkànnì tún le jù. Bí alágbàkọ́ bá fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà, òun ni ìwé mọ̀. Ní ọjọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí oníṣẹ́ bá kó lọ sí òkè òkun, oníṣòwò lè ní táìlì nínú ṣọ́ọ̀bù kí ó má sì ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn oníbàárà ti mọ̀. Nítorí náà, kí oníṣòwò fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá nìyí:

Àgbàkọ́ ìkànnì: iṣẹ́ kíkọ́ ìkànnì fún ẹlòmíràn ní iye tí wọ́n dá.
Orúkọ ìkànnì: orúkọ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iye ọdún kan.
Ààyè àyágbé: àyè tí ìkànnì ń gbé nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.
Àtòjọ àṣẹ: àwọn àṣẹ tí ó ń mú ìkànnì ṣiṣẹ́.
Àkóónú: ohun tí òǹkàwé ń rí nínú ìkànnì.
Owó àfisọ́wọ́-alárinà: owó tí ẹnì kẹta dì mú títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dá wọn kọ́ni láìsọ ẹni tí ó ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá bo ohun mẹ́rin mọ́lẹ̀, oníbàárà yóò san owó mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan ni yóò kù sí i lọ́wọ́.